Ogun Ha Lè Jẹ́ Mímọ́ Bí?

Nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ wa, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo a máa dá ìgbìmọ̀ dúró láti òwúrọ̀ di ọ̀sán. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà ṣòro láti pè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé èdè Yorùbá kò ní ohun tí a lè fi rọ́pò rẹ̀. Ẹrù tí ọ̀rọ̀ náà gbé sórí ni ó ń dá wa dúró. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ọ̀pọ̀ ìjọ wa ti sọ di ti ilé, tí a ń kà lára ògiri àti lára ìwé ìkéde ní ìgboro gbogbo, èyíinì ni krusédì. Bí a bá bi ọmọ ìjọ kan léèrè ohun tí ó jẹ́, yóò dáhùn pé ìpàdé ìhìnrere ni, níbi tí a ti ń wàásù tí a sì ń gbàdúrà fún àwọn aláìsàn. Òótọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n bí a bá bi Mùsùlùmí tí ó mọ ìtàn, tàbí Júù tí ó mọ ohun tí ojú àwọn baba ńlá rẹ̀ rí, ogun ni yóò sọ fún wa, òótọ́ ni òun náà sì sọ. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ẹyin yìí ti bọ́ láti ohun tí ó lé ní 900 ọdún sẹ́yìn, àfọ́kù rẹ̀ sì ń gún ènìyàn lẹ́sẹ̀ títí di òní.

Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ju ti ọ̀rọ̀ kan lọ. Ǹjẹ́ ogun lè jẹ́ mímọ́? Bí ẹni tí ó ń jagun bá gbàgbọ́ tọkàntọkàn pé Ọlọ́run ni ó rán òun, ṣé ìgbàgbọ́ rẹ̀ tó láti wẹ ẹ̀jẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀? A ó kọ́kọ́ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀, nítorí agbẹjọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni.

Ní ọdún 1071, àwọn Tọ́kì tí a ń pè ní Seljuk, tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, ṣẹ́gun ọba ńlá Byzantium ní Manzikert. Láti ìgbà náà ni ilẹ̀ Éṣíà Kékeré ti bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ mọ́ àwọn Kristẹni Ìlà-oòrùn lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 1095, àwọn ikọ̀ Alexios Komnenos, ọba Constantinople, tọ Póòpù Urban Kejì wá ní Piacenza ní ilẹ̀ Ítálì láti tọrọ ìrànlọ́wọ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, Urban dìde ní Clermont ní ilẹ̀ Faransé, ó sì ké sí àwọn jagunjagun kí wọ́n lọ ran àwọn ará wọn ní Ìlà-oòrùn lọ́wọ́, kí wọ́n sì gba Jerúsálẹ́mù. Ìlérí tí ó bá ìpè náà rìn ni pé ẹni tí ó bá lọ nítorí ìfọkànsìn nìkan, tí kì í ṣe nítorí ọlá tàbí owó, ìrìnàjò náà yóò dúró fún gbogbo ìyà ìrònúpìwàdà tí ìjọ lè gbé lé e lórí. Àwọn òpìtàn ìgbà náà sọ pé àwọn ènìyàn hó pé Ọlọ́run fẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gé aṣọ ní àwòrán àgbélébùú, wọ́n rán an mọ́ èjìká ẹ̀wù wọn, wọ́n sì mú ọ̀nà pọ̀n.

Kí ni ó ti àwọn ènìyàn wọ̀nyí síta? Ìdí kan ṣoṣo kò tó. Ìrora wà lọ́kàn wọn nítorí Jerúsálẹ́mù, nítorí pé ní ọdún 1009, Kálífà al-Hakim ti Íjíbítì pàṣẹ pé kí a wó ilé ìjọsìn Ibojì Mímọ́ lulẹ̀. Òótọ́ ni pé a ti tún un kọ́ kí a tó bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó gbọ́ Urban, nípa àdéhùn láàárín Byzantium àti àwọn Kálífà tí ó jẹ lẹ́yìn al-Hakim. Ṣùgbọ́n ìròyìn ibi a máa pẹ́ láyé ju ìròyìn àtúnṣe lọ. Ìdààmú wà nílé pẹ̀lú. Àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin ní ilẹ̀ Faransé ń kó ẹran àwọn àgbẹ̀, wọ́n ń kọ lu ilé Ọlọ́run, wọ́n sì ń pa ara wọn, débi pé láti òpin ọ̀rúndún kẹwàá ni àwọn bíṣọ́ọ̀bù ti ń pe àpérò láti fi òfin àlàáfíà dè wọ́n. Ìpè Urban fún wọn ní ọ̀tá mìíràn tí ó jìnnà sílé.

Àwọn kan wà tí wọ́n wá ilẹ̀ àti wúrà lọ, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra. Ó rọrùn jù fún wa láti wí pé olè ni gbogbo wọn. Àwọn ìwé àdéhùn tí wọ́n fi sílẹ̀ kò jẹ́ kí a lè sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ni ó ta ilẹ̀ ìní rẹ̀ tàbí tí ó fi í dógò kí ó tó rí owó ọ̀nà. Robert, Dúùkù Normandy, fi gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ dógò fún àbúrò rẹ̀ tí ó jẹ́ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 10,000 máàkì fàdákà. Olè kì í fi ilé ara rẹ̀ dógò kí ó tó lọ jalè. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí gba ohun tí a wàásù fún wọn gbọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ó ti yẹ kí ẹ̀rù bà wá, àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ láti fi ọ̀rọ̀ sí ẹnu oníwàásù.

Ní ọdún 1096, kí ẹgbẹ́ ogun ńlá tó kúrò ní Yúróòpù, àwọn kan lára àwọn tí ó rán àgbélébùú mọ́ èjìká kọ lu àwọn Júù ní Speyer, ní Worms àti ní Mainz, ní ilẹ̀ Jámánì. Wọ́n ní kí wọ́n gba ìrìbọmi tàbí kí wọ́n kú. Ọ̀pọ̀ ni ó yan ikú. Àwọn òbí mìíràn tilẹ̀ fi ọwọ́ ara wọn pa ọmọ wọn kí wọ́n má baà bọ́ sọ́wọ́ wọn. Bíṣọ́ọ̀bù Speyer dáàbò bo àwọn Júù ìlú tirẹ̀, ó sì fi ìyà jẹ àwọn kan nínú àwọn apànìyàn náà. Èyí fi hàn pé kì í ṣe pé ìmọ́lẹ̀ kò sí ní ayé ìgbà náà. Àwọn kan rí i, wọ́n sì rìn nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Keje ọdún 1099, ogun náà wọ Jerúsálẹ́mù. Wọ́n pa Mùsùlùmí àti Júù, ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé, ní ìpakúpa tí àwọn òpìtàn tiwọn fúnra wọn kọ sílẹ̀ láìtijú. Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ náà korò sí i ni pé àwọn tí wọ́n bá nínú ìlú kì í ṣe àwọn Tọ́kì tí ó ń pọ́n Byzantium lójú. Àwọn Fatimid ti Íjíbítì ti gba ìlú náà lọ́wọ́ àwọn Tọ́kì ní ọdún 1098. Lẹ́yìn ìpakúpa náà, àwọn aṣẹ́gun lọ sí Ibojì Olúwa, wọ́n sì sunkún ayọ̀ níbẹ̀.

Eléérú ni eérú ń tọ̀. Ní ọdún 1144, Zengi gba Edessa padà fún àwọn Mùsùlùmí. Bernard ti Clairvaux, ẹni tí gbogbo ayé kà sí ènìyàn Ọlọ́run, wàásù ìrìnàjò kejì, ìjákulẹ̀ ni ó sì já sí lẹ́yìn odi Damásíkù ní ọdún 1148. Ní oṣù Keje ọdún 1187, Saladin ṣẹ́gun ní Hattin, ó sì ní kí a pa àwọn jagunjagun ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn tí a kó lẹ́rú; ṣùgbọ́n nígbà tí Jerúsálẹ́mù bọ́ sí i lọ́wọ́ ní oṣù Kẹwàá, kò pa àwọn ará ìlú. Owó ìràpadà ni ó gbà, dínárì 10 lórí ọkùnrin àti 5 lórí obìnrin. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí kò rí owó san sì di ẹrú. Ní ọdún 1191, Richard ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí a pa nǹkan bí 2,700 ìgbèkùn Mùsùlùmí lẹ́yìn odi Acre. Ní ọdún 1268, Sultani Baybars pa àwọn ará Áńtíókù ní ìpakúpa. Ní ọdún 1291, Acre ṣubú, gbogbo ohun tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ rà ní nǹkan bí igba ọdún sì lọ pátá. A kò ka ìwọ̀nyí lẹ́sẹẹsẹ láti mọ ẹni tí ẹ̀bi rẹ̀ pọ̀ jù. A kà á kí a lè rí i pé bí a bá ti pe ìpànìyàn ní ìsìn ní apá kan, kì í pẹ́ tí apá kejì yóò fi kọ́ orin kan náà.

Ọgbẹ́ tí ó jinlẹ̀ jù, inú ilé Kristẹni ni ó wà. Nínú oṣù Kẹrin ọdún 1204, àwọn tí ó rán àgbélébùú mọ́ èjìká fọ́ Constantinople, ìlú Kristẹni tí ó tóbi jù ní ayé ìgbà náà. Wọ́n kó ilé, wọ́n kó ìjọ, wọ́n ba obìnrin jẹ́. Àwọn ará Ìlà-oòrùn tí Urban ní kí a lọ gbà là ni a wá ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Ìjọ Àgùdà àti Ìjọ Ìlà-oòrùn ti ń bínú sí ara wọn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún náà ni ọkàn àwọn ènìyàn pínyà ní tòótọ́. Nígbà tí Póòpù John Paul Kejì lọ sí Áténì ní ọdún 2001, ó tọrọ ìdáríjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run, ó sì sọ ìbànújẹ́ rẹ̀ lórí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Constantinople. Ó tó 797 ọdún kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde bẹ́ẹ̀, a kò sì rí ẹni tí ó sọ fún un pé ó ti pẹ́ jù láti rántí. Ẹni tí a ṣẹ̀ kì í gbàgbé.

Níbo ni ẹsẹ̀ ti yẹ̀? Ìjọ àtijọ́ kò sọ pé kí Kristẹni má jagun rárá, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹni tí ó pa ènìyàn lójú ogun ti ojú ogun wọ ibi tábìlì Olúwa. Ní ọ̀rúndún kẹrin, Basil ti Kesaríà gbà wọ́n nímọ̀ràn láti fà sẹ́yìn nínú oúnjẹ Olúwa fún ọdún mẹ́ta, nítorí pé ọwọ́ wọn kò mọ́. Lẹ́yìn ogun Hastings ti ọdún 1066, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a gbà pé Póòpù wà lẹ́yìn àwọn ará Normandy, àwọn bíṣọ́ọ̀bù wọn ṣì gbé ìrònúpìwàdà ọdún kan lé wọn lórí fún ẹnìkọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá mọ̀ pé àwọn pa. Ẹ fi èyí wé ti ọdún 1095. Ní ọdún 1066, ogun ni ẹ̀ṣẹ̀ tí a ń ronú pìwà dà lé lórí. Ní ọdún 1095, ogun fúnra rẹ̀ ti di ìrònúpìwàdà. Láàárín ọgbọ̀n ọdún, àìsàn ti di oògùn. Lójú tiwa, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti yẹ̀, kì í ṣe lórí odi Jerúsálẹ́mù.

Ọ̀rọ̀ ní ipa tirẹ̀ nínú ìyípadà náà. Àwọn tí ó lọ ní ọdún 1096 kò ní orúkọ ogun fún ohun tí wọ́n ń ṣe. Ìrìnàjò ni wọ́n pè é, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń lọ jọ́sìn ní ibi mímọ́. Nígbà tó yá ni èdè Látìn bẹ̀rẹ̀ sí pè wọ́n ní àwọn tí a sàmì àgbélébùú sí lára, inú irú ọ̀rọ̀ yìí ni krusédì sì ti jáde. Àwọn Lárúbáwá ìgbà náà kò so orúkọ wọn mọ́ àgbélébùú. Ifranj, èyíinì ni àwọn Frank, ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni orúkọ tí ó túmọ̀ sí ogun àgbélébùú tó wọ èdè Lárúbáwá.

Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀ sí àgbélébùú? Ohun tí a gbé lé ìbú ni èdè wa pè é, igi lásán. Nígbà tí Olúwa wí fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ nípa gbígbé àgbélébùú, kò sí ẹnìkan nínú wọn tí kò mọ ohun tí ó ń sọ, nítorí àwọn ará Róòmù a máa mú kí ẹni tí a ti dá lẹ́bi ru igi rẹ̀ la ìgboro kọjá. Ẹni tí ó gbé àgbélébùú ni ẹni tí a fẹ́ pa. Kì í ṣe ẹni tí ń lọ pa ènìyàn. Ó gbé igi náà sórí èjìká, wọn kò rán an mọ́ ẹ̀wù rẹ̀. Ìtumọ̀ tí a fún ọ̀rọ̀ náà ní Clermont kò yí lẹ́tà kan padà nínú Ìwé Mímọ́, síbẹ̀ ó yí gbogbo rẹ̀ padà. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún wa. Ìtumọ̀ lè péye lórí ìwé kí ó sì di irọ́ ní ẹnu.

Ní ti ọ̀rọ̀ náà mímọ́, ìbùkún ni èdè Yorùbá jẹ́ fún wa níhìn-ín. Aṣọ a máa mọ́, omi a máa mọ́, ọwọ́ a máa mọ́. Nítorí náà, bí a bá wí pé ogun mímọ́, etí Yorùbá yóò béèrè kíákíá pé, ogun wo ni ẹ̀jẹ̀ kò sí lára rẹ̀? Ọ̀rọ̀ Hébérù tí a túmọ̀ sí mímọ́ ń tọ́ka sí ohun tí a yà sọ́tọ̀. Ibi mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ ìṣe rẹ̀ ti bá ogun rìn nínú Májẹ̀mú Láéláé: Jeremáyà orí 6 ẹsẹ 4, Jóẹ́lì orí 3 ẹsẹ 9, àti Míkà orí 3 ẹsẹ 5. Ọ̀pọ̀ Bíbélì kì í jẹ́ kí òǹkàwé rí i, nítorí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí mímúra ogun tàbí irú rẹ̀. Àwọn wo ni ó ń ya ogun sọ́tọ̀ níbẹ̀? Nínú Jeremáyà, àwọn tí ń bọ̀ wá pa Jerúsálẹ́mù run ni. Nínú Jóẹ́lì, àwọn orílẹ̀-èdè tí a ń pè wá sí ìdájọ́ ni. Nínú Míkà, àwọn wòlíì èké ni, tí wọ́n ń kéde àlàáfíà fún ẹni tí ó bọ́ wọn, tí wọ́n sì ń ya ogun sí mímọ́ lórí ẹni tí kò fi nǹkan sí wọn lẹ́nu. Kò sí èyí tí ó jẹ́ ìyìn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹnìkan lè wí pé, àwọn ogun Jóṣúà ńkọ́? A kò gbàgbé wọn, wọn kò sì rọrùn láti kà. Ohun tí a rí ni pé a so wọ́n mọ́ ilẹ̀ kan àti ìgbà kan, a kò sì fún ìran mìíràn láṣẹ láti na ọwọ́ wọn síwájú. Ẹlòmíràn lè wí pé, ṣé kí a jókòó kí a máa wo àwọn ará ní Byzantium tí wọ́n ń ké ni? Ìbéèrè yìí tọ́. Ìgbà mìíràn wà tí ẹni tí kò fẹ́ jà yóò dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ nítorí àwọn ọmọ tí ó wà nínú yàrá. A kò dá a lẹ́bi. Ohun tí a ń sọ ni pé ohun tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ kò di mímọ́ nítorí pé kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó mọ̀ pé ọwọ́ òun kò mọ́ yóò mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun dáwọ́ dúró, yóò sì ṣọ̀fọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó gbà pé ìsìn ni òun ń ṣe kò ní ìdí láti dáwọ́ dúró.

Ọ̀nà mìíràn wà, kódà nígbà náà. Ní ọdún 1143, Robert ti Ketton parí ìtumọ̀ Kùránì sí èdè Látìn, tí Peter, olórí àwọn mọ́ńkì ní Cluny, bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀ fún. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn wà nínú àkọlé rẹ̀, Peter pẹ̀lú kò sì kẹ̀yìn sí ogun. Síbẹ̀, ó gbà pé ẹni tí a bá ń bá jà, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó ń sọ. Ní ọdún 1219, nígbà tí ogun dó ti Damietta ní Íjíbítì, Francis ti Assisi kọjá láàárín ogun méjèèjì láìmú ohun ìjà lọ́wọ́, ó sì bá Sultani al-Kamil sọ̀rọ̀. Kò sọ Sultani di Kristẹni, Sultani kò sì pa á. Ní ọdún 1229, al-Kamil kan náà fi àdéhùn fi Jerúsálẹ́mù fún Frederick Kejì, láìta ọfà kan, nígbà tí Frederick ṣì wà lábẹ́ ìyọlẹ́gbẹ́ Póòpù. Ní Vienne, ní ọdún 1312, àpérò ìjọ pàṣẹ pé kí a máa kọ́ni ní èdè Hébérù àti ti Lárúbáwá ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga bíi Paris àti Oxford. Àṣẹ náà kò múlẹ̀ bí a ti fẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ètò yìí ni àwa atúmọ̀ ti lè rí ojú ara wa.

Ẹ jẹ́ kí a padà wálé. Bí a bá ṣí Bíbélì Yorùbá, a ó bá àlùfáà, àdúrà àti wàásù níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ni àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti wọ èdè wa, àwọn tí ó kọ́kọ́ túmọ̀ Bíbélì fún wa kò sì tijú láti lò wọ́n. Nígbàkigbà tí Kristẹni Yorùbá bá gbàdúrà, ọ̀rọ̀ tí a yá lọ́wọ́ aládùúgbò ni ó ń lò. Ẹ̀wẹ̀, nínú oṣù Kẹwàá ọdún 1991, nígbà tí a kéde ìpàdé ìhìnrere ńlá kan ní Kano, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, ẹ̀mí sì ṣòfò. A kò ní sọ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó fà á, nítorí ọ̀ràn ilẹ̀ náà ní gbòǹgbò púpọ̀, kò sì sí ohun tí ó dá ìpànìyàn láre. Ṣùgbọ́n krusédì wà lára ohun tí àwọn ènìyàn gbọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tako wa lórí èyí, àtakò rẹ̀ sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó ní gbòǹgbò ọ̀rọ̀ kọ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ìyá àgbà tí ó ń lọ sí krusédì ní Ìbàdàn kò gbé idà lọ́kàn. Gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó kọ́ ìmọ̀ èdè, a gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ nìkan ni ó ni ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó ń gbọ́ ni ín pẹ̀lú. Ní ọdún 2011, ẹgbẹ́ ìhìnrere ńlá kan ní Amẹ́ríkà yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú orúkọ rẹ̀. Bí àwọn tí ó ni èdè náà bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni ó dè wá mọ́ ọn, àwa tí a ní ìpàdé ìhìnrere àti ìsọjí lọ́wọ́? Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn tí a mú wá fún ẹ̀yin àlùfáà àti ẹ̀yin atúmọ̀ kò ju méjì lọ. Èkíní, kí a fi orúkọ tí ó mọ́ pe ìpàdé tí ó mọ́. Èkejì, nígbàkigbà tí a bá ní láti mẹ́nu kan àwọn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láti ọdún 1095, nínú àlàyé tàbí nínú ìwé ìtàn ìjọ, kí a má ṣe kọ ọ́ ní Ogun Mímọ́. Kí a kọ ọ́ pé àwọn ogun tí a jà lábẹ́ àmì àgbélébùú. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni, kò sì sí ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni tí ó bò mọ́lẹ̀. Kí Olúwa tí ó ru àgbélébùú tirẹ̀ láìṣá ẹnikẹ́ni lọ́gbẹ́ kí ó máa ṣọ́ ahọ́n wa àti gègé wa.